Ìdíje Gọ́ọ̀fù tí ó Parẹ́ ní Ìkòyí

Nígbà tí Ẹgbẹ́ wa pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí láti pín ohun tí olúkúlùkù yóò kọ, mo dìde, mo ní èmi yóò kọ ìtàn ìdíje gọ́ọ̀fù kan tí wọ́n máa ń ṣe ní Ìkòyí. Ẹ̀rín ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó mọ ìtàn ogun Kírìjì bí ẹní mowó, béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo bá àwọn Òyìnbó pín ogún ni. Ó ní eré àwọn alákòóso àti àwọn oníṣòwò ńlá ni gọ́ọ̀fù, kò sí Yorùbá kankan nínú rẹ̀, kí n yáa lọ wá ìtàn baálẹ̀ kan kọ. N kò bínú sí i. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù náà, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó gbé àpò, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó tún yanrìn ṣe, orúkọ tí ó sì ti ibẹ̀ jáde kan gbogbo ayé. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lónìí, inú ìwé àwọn àjèjì ni a ó ti kà á. Èyí nìkan tó ohun tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀wé jókòó rò.

Ní Ajah ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ẹ̀yìn ọjà Ajah, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti lo ìsinmi tí ó kọjá. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé nígbà tí ọkọ̀ bá ti dí i pa ní ìrọ̀lẹ́, kí ènìyàn jókòó sílé ló sàn. Èmi a máa jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù kan níwájú ilé, níbi tí bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún máa ń gba atẹ́gùn. Bàbá yìí ní igi gọ́ọ̀fù kan tí orí irin rẹ̀ ti dípẹtà, òun ni ó sì fi ń ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó rí i he lórí ààtàn ni. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti dọ̀bálẹ̀ kí i, mo béèrè ibi tí ó ti rí igi náà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ igi yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin."

Kádì ni bàbá nígbà èwe rẹ̀. Kádì ni ẹni tí ń gbé àpò igi fún ẹni tí ń gbá gọ́ọ̀fù, tí ó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù já sí, tí ó sì ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ igi tí ó yẹ kí ó fà yọ. Màrókò ni bàbá ń gbé nígbà náà, ní apá kejì omi, níbi tí ilẹ̀ Lẹ́kí ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá ti kúrò ní Victoria Island. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni ó ti máa ń fi ẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Falómọ̀ lọ sí Ìkòyí. Lónìí, ẹni tí ó bá ní owó ibodè yóò gba orí afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, yóò sì ti Lẹ́kí dé Ìkòyí kí ó tó mu omi tán nínú ìgò. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ afárá fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibẹ̀ fún àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí. Ọdún 1938 ni a dá Ẹgbẹ́ Ìkòyí sílẹ̀, ọdún náà sì wà lára orúkọ rẹ̀ títí di òní. Nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, àwọn Òyìnbó ni wọ́n ni ín. Lẹ́yìn òmìnira ni àwọn èèyàn wa wá di onílé níbẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀ kò gùn: yáàdì 6,024 ni ìwé kọ sílẹ̀ fún un ní àkókò tí mo ń sọ yìí, nígbà tí pápá tí àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ń gbá lónìí sábà máa ń ju yáàdì 7,000 lọ. Iye ìgbà tí a retí pé kí ọ̀jáfáfá lu bọ́ọ̀lù kí ó tó parí ihò 18 ni wọ́n ń pè ní par. 71 ni par Ìkòyí.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ibi tí ihò wà. Ní ìlú Òyìnbó, koríko tí a gé mọ́lẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun ni ó máa ń wà yí ihò ká. Ní Ìkòyí ìgbà náà, yanrìn ni. Wọ́n máa ń po yanrìn mọ́ epo kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, wọn a sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ; nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní brown. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, a gbọ́dọ̀ fa nǹkan gba orí rẹ̀ kí ó tún lè dán kí ẹlòmíràn tó gbá bọ́ọ̀lù. Òyìnbó tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko yóò dé ibẹ̀, yóò sì dà bí ọmọdé tí ń kọ́ ìrìn.

Ìdíje tí mo ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní Nigerian Open. Kì í ṣe òun nìkan ni ó dá dúró. Ó wà lára ọ̀wọ́ ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Safari Circuit, tí ó máa ń gba Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Sáńbíà àti Ivory Coast kọjá, tí Sìǹbábúè náà sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òtútù a máa bo gbogbo Yúróòpù, yìnyín a sì bo pápá. Ẹni tí ó bá ń fi gọ́ọ̀fù jẹun yóò kàn máa ka òrùlé ilé rẹ̀ ni. Àkókò yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí òjò kò sí, tí ilẹ̀ gbẹ tí ó sì le. Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò ì tíì lórúkọ, àti àwọn àgbà tí orúkọ wọn ti ń ṣá, fi máa ń gbé àpò wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Áfíríkà láti wá owó oúnjẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni Sandy Lyle. Ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni ní ọdún 1978. Shrewsbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i, ará Skọ́tíláǹdì ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ gọ́ọ̀fù ni bàbá náà sì ń ṣe. Kò tíì pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́, nítorí ọdún 1977 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó dé Ìkòyí, ó lu bọ́ọ̀lù ní ìgbà 61 ní ọjọ́ kìíní, ó lù ú ní ìgbà 63 ní ọjọ́ kejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 124 fún ihò 36. Ìwé Guinness tí ń kó àwọn ohun ìyanu ayé jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ọmọ ilẹ̀ Bìrìtéènì tí ó gbá iye tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Lyle gba ìdíje náà, òun sì ni èkíní tí ó gbà láti ìgbà tí ó ti di òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1985, ó gba Open ti Bìrìtéènì. Ní ọdún 1988, ó gba Masters ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ọmọ Bìrìtéènì kankan tí ó gba ìyẹn rí ṣáájú rẹ̀. Láti orí yanrìn Ìkòyí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdíje.

Níbi yìí ni èmi àti bàbá ti jà díẹ̀. Mo ti ka ìwé, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo sọ fún un pé kíkúrú pápá ni ó jẹ́ kí wọ́n gbá iye tí ó kéré bẹ́ẹ̀, àti pé kò yẹ kí á gbé e ga púpọ̀. Bàbá fi igi rẹ̀ gún ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé! Bí ó bá jẹ́ pé kíkúrú pápá ni, kí ló dé tí gbogbo wọn kò fi gbá 61? Ṣé pápá ọ̀tọ̀ ni àwọn yòókù gbá ni?" N kò rí èsì fún un, n kò sì tíì rí i di òní.

Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí igi náà ya ilẹ̀ níwájú mi. Ó ní yanrìn náà kì í ṣe ọ̀kan náà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ní òwúrọ̀, ìrì ti mú un wúwo, bọ́ọ̀lù a sì máa fà lórí rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, yóò gbẹ, bọ́ọ̀lù tí a rọra tì yóò sì sáré kọjá ihò bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ní ẹni tí ó bá mọ ọwọ́ tí wọ́n fi tẹ́ ẹ ní ọjọ́ náà, tí ó mọ apá ibi tí epo pọ̀ sí, òun ni yóò mọ bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe lọ. Ta ni ó mọ̀ ọ́n? Kì í ṣe Òyìnbó tí ó dé láná. Ọmọ tí ń wẹsẹ̀ rẹ̀ ní Màrókò ní alaalẹ́ kí ó tó sùn ni. Bàbá kò gbé àpò fún Lyle, kò sì pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó gbé e. Ẹni tí òun gbé fún ní ọdún náà, kò mọ orúkọ rẹ̀. Onífìlà ni àwọn kádì ń pè é. Ó ní Onífìlà kọ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, kí ó tó ti bọ́ọ̀lù, yóò kọ́kọ́ wo ojú òun.

Èyí ni mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi onítàn Kírìjì rò wò. Ìmọ̀ ni bàbá ń sọ, ìmọ̀ ilẹ̀, bí ti apẹja tí ó mọ ibi tí omi ọ̀sà ti jìn. Bí iye 61 yẹn bá yẹ ní kíkọ sílẹ̀, ojú tí ó ka yanrìn fún ẹni tí ó gbá a yẹ bákan náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1981 tún ya ènìyàn lẹ́nu ju ti 1978 lọ. Ará Sheffield kan tí ń jẹ́ Peter Tupling ni. Òun kò di olókìkí bí Lyle. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n ṣáájú ni pé ní ọdún 1969, nígbà tí kò tíì fi gọ́ọ̀fù jẹun, òun ni ó ṣe dáadáa jù nínú àwọn irú rẹ̀ ní Open ti Bìrìtéènì. Ní Ìkòyí, ó gbá 63, ó gbá 66, ó gbá 62, ó sì gbá 64. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 255, èyí tí ó fi 29 dín sí par. Kí ẹ lè mọ bí ó ti rí, ẹ jẹ́ kí n fi wé ti Amẹ́ríkà, níbi tí owó gọ́ọ̀fù pọ̀ sí jù. Iye tí ó kéré jù tí ẹnikẹ́ni gbá nínú ìdíje ńlá wọn fún ihò 72 ni 257, tí Mike Souchak gbá ní Texas ní ọdún 1955. Iye yẹn kò yẹ̀ títí di ọdún 2001, nígbà tí ẹlòmíràn gbá 256. Ní Èkó, ogún ọdún ṣáájú èyí, ẹnì kan ti gbá 255. Mo gbà pé pápá kò gùn. Ṣùgbọ́n mo ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi fúrúùtù, n kò ní tún un sọ mọ́.

Àwọn tí ó gbà á ní àárín àwọn ọdún 1980 pọ̀, n kò sì fẹ́ kà wọ́n lọ bí ìwé orúkọ. Ẹnì kan péré ni mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, ìyẹn Vijay Singh. Fiji ni ìlú rẹ̀, erékùṣù tí ó jìnnà réré nínú òkun Pàsífíìkì. Ní ọdún 1985, wọ́n lé e kúrò nínú ìdíje Éṣíà nítorí ẹ̀sùn pé ó yí iye tí ó gbá padà, ẹ̀sùn tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà. Ó lọ máa kọ́ àwọn èèyàn ní gọ́ọ̀fù nínú igbó Borneo láti rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tí ayé ti kọ̀ ni, kí a má purọ́. Ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1988, ó gba Nigerian Open. Ó padà wá ní ọdún 1989, ó tún gbà á. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí fún un. Ó gba ìdíje PGA ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1998 àti ní 2004, ó gba Masters ní ọdún 2000. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ó gba ipò kìíní ní gbogbo ayé lọ́wọ́ Tiger Woods. Ẹni méjì nínú àwọn tí ó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ewé ti Masters ni ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn Ìkòyí kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Mélòó nínú àwa tí a wà ní yunifásítì yìí ni ó mọ̀?

Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe wá parẹ́? Àwọn baba wa sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń san án. Owó òkèèrè ni àlejò tí ó bá wá gbá gọ́ọ̀fù fẹ́ gbé lọ sílé. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba ṣí ọjà tuntun fún owó òkèèrè, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1990, nǹkan bí náírà 8 ni a fi ń ra dọ́là kan. Ẹ̀bùn tí ó tóbi lójú wa di ohun kékeré kí ó tó dé bánkì ìlú Òyìnbó. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1991, olú ìlú kó lọ sí Àbújá, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tí ń gbé Ìkòyí sì bá a lọ. Ní ọdún 1993, wọ́n fagi lé ìdìbò oṣù kẹfà, ìyanṣẹ́lódì àti ìdààmú sì gba ìlú Èkó kan. Àlejò wo ni yóò gbé àpò gọ́ọ̀fù wá sí àárín ìyẹn? Safari Circuit fúnra rẹ̀ túká. Àwọn ìdíje mìíràn ti wáyé ní Nàìjíríà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò ti Èkó gba ọ̀nà Masters lọ kò padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru náírà. Kẹ́ńyà wà nínú Safari Circuit kan náà. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Nairobi. Ní ọdún 1978 tí Lyle gbà á ní Èkó, Seve Ballesteros ni ó gba ti Kẹ́ńyà. Owó tiwọn náà já wálẹ̀, wàhálà òṣèlú bá àwọn náà. Nígbà tí Safari Circuit ń túká, ní ọdún 1991, wọ́n gbà láti wọ inú ọ̀wọ́ ìdíje onípò kejì ti Yúróòpù, tí kò lówó tí kò sì lókìkí. Wọ́n fi ara dà á. Ní ọdún 2019, ìdíje wọn wọ ipò kìíní ní Yúróòpù. Èrò tèmi ni pé àwa fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ kan tí àlejò fi wà lọ́dọ̀ wa, a kò sì fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ 51 tí ó kù. Àwọn ọmọ wa tí ó ti ipò kádì di ẹni tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni ó jẹ́ òṣùwọ̀n wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ọwọ́ àwọn tó ọwọ́ Lyle tàbí kò tó o. Nígbà tí ìdíje kú, òṣùwọ̀n náà kú.

Ọ̀rọ̀ Màrókò tún dá sí i. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi katakata wó Màrókò. Iye ènìyàn tí a fojú bù pé ilé wó lé lórí tó 300,000. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó ní ilé tiwọn rí yàrá gbà ní Ìlàsàn àti Ìkọ̀tá. Àwọn ayálégbé wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Ayálégbé ni bàbá. Ó gbé ìyàwó àti ọmọ lọ sí Ajah, tí kò tíì pọ̀ tó báyìí nígbà náà. Láti Ajah, ọ̀nà Ìkòyí kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ń wọlé. Ó fi iṣẹ́ kádì sílẹ̀, ó ń ta sìmẹ́ńtì. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń gbé àpò fọ́n ká bí ẹ̀wà tí ó dànù láti inú igbá, àti pé láti ọdún yẹn òun kò rí ju ẹni mẹ́ta lọ nínú wọn. Aago kan tí Onífìlà fún un wà nínú ẹrù tí kò rí kó.

Nígbà tí ìsinmi mi ń parí lọ, mo sọ fún un pé pápá gọ́ọ̀fù ńlá kan wà ní Lakowe báyìí, ní ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, kò sì jìnnà sí Ajah. Pé ihò 18 ni ó ní, pé adágún omi wà láàárín rẹ̀. Ó béèrè bóyá yanrìn ni ó wà nídìí ihò. Mo ní koríko ni. Ó mi orí, ó ní koríko dára, ṣùgbọ́n òun kò ní mọ ohun tí òun yóò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n kọ orúkọ àwọn kádì tí ó rántí sílẹ̀, àti ọdún tí olúkúlùkù gbé àpò. Ó ka orúkọ mọ́kànlélógún fún mi, ó sì dákẹ́ lórí àwọn kan. N kò kọ orúkọ wọn síhìn-ín, nítorí pé n kò tíì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Ó ní ẹnì kan ṣì wà láàyè ní Ìlàsàn tí ó wà lórí pápá ní ọjọ́ tí Tupling parí 255 rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, kí n má sì pẹ́ kí n tó lọ. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́; ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá ti parí ìdánwò, yóò mú èmi àti bàbá lọ.